Bí Inú Bá Kún Ju Ẹnu Lọ
Ọ̀rọ̀ orí rédíò fún àwọn àgbà tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tòní kì í ṣe ti ìdúnàádúrà lọ́jà, kì í sì í ṣe ti lẹ́tà ìwáṣẹ́. Ọ̀rọ̀ inú ni. Kí ni ènìyàn máa wí nígbà tí ìbànújẹ́ tàbí ìpayà bá bò ó mọ́lẹ̀, tó sì jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ gbọ́? Ẹni náà lè jẹ́ dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó lè jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́, ó lè jẹ́ tíṣà ọmọ yín. Kódà nílé níbí, ní Èkó tàbí Ìbàdàn, ẹ lè bá dókítà tí kò gbọ́ Yorùbá pàdé.

Àwọn àgbà tí mò ń kọ́ sábà máa ń bi mí pé, "Tíṣà, kí ni wọ́n ń pe èyí ní Gẹ̀ẹ́sì?" Wọ́n á fọwọ́ lé àyà, wọ́n á sì máa wo ẹnu mi. Wọ́n gbà pé ọ̀rọ̀ ńlá kan ṣoṣo wà níbì kan nínú ìwé atúmọ̀-èdè, pé ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n ti bọ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi gbólóhùn kéékèèké sọ ohun tí ọ̀ràn náà ń fi ara rẹ̀ ṣe, ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, àti ohun tí kò lè ṣe mọ́ nítorí rẹ̀, òun ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń tètè yé àwọn ènìyàn. Ọ̀rọ̀ ńlá lè tẹ̀ lé e lẹ́yìn bó bá fẹ́.

Ọmọ Yorùbá kan ti fi èyí hàn wá láti 1837.

Ọmọ Ọ̀ṣogùn ni Àjàyí, ẹni tí a wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Ní 1821 ni ogun kó ìlú rẹ̀, nígbà tó ṣì kéré. Wọ́n kó òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin lẹ́rú. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin nígbà kan. Ó bọ́ lọ́wọ́ olówó kan bọ́ sọ́wọ́ òmíràn, títí ó fi dé Èkó. Ní April 1822, ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú ọkọ̀ Potogí tí wọ́n kó o sí, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ibẹ̀ ló ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní February 1837, ó kọ lẹ́tà gígùn kan sí William Jowett, akọ̀wé ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS, ó sì ròyìn gbogbo ohun tójú rẹ̀ rí. Gẹ̀ẹ́sì ìjọ ayé ìgbà náà kún inú lẹ́tà yẹn, pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ ńláńlá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣe nígbà tó dé ibi tó burú jù. Obìnrin tó rà á ń sọ fún un pé àwọn máa tó lọ sí ilẹ̀ Pópó. Àjàyí mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé àwọn Potogí ni wọ́n fẹ́ ta òun fún. Ó sọ ohun tó fa ìbẹ̀rù náà. Ó ní oúnjẹ kò wu òun jẹ mọ́. Ó ní láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìgbẹ́ ọ̀rìn mú òun, ó sì han òun léèmọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́ gbangba pé òun pinnu láti fòpin sí ẹ̀mí ara òun, pé òun gbìyànjú rẹ̀ ní òru mélòó kan, àti pé òun kò láyà tó. Kò fi ọ̀rọ̀ bò ó. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ìjọ ló ń kọ̀wé sí, ọ̀rọ̀ ìtìjú sì ni, síbẹ̀ ó kọ ọ́ bó ṣe rí.

Bí ẹ bá gbé abala yẹn fún dókítà òde òní, gbogbo ohun tó fẹ́ mọ̀ ti wà níbẹ̀: ohun tó fà á, ohun tó ṣe ara, bó ti pẹ́ tó, àti ohun tí ọkàn ń rò lóru. Àjàyí kò dárúkọ àìsàn ọkàn kankan níbẹ̀. Kò tiẹ̀ nílò rẹ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn lẹ́tà yẹn, ayọ̀ ló kàn. Crowther ti di àlùfáà, ó ti dé Abẹ́òkúta. Ní 21 August 1846, ìyá rẹ̀ wá a wá. Ó ti tó nǹkan bí ọdún 25 tí wọ́n ti já wọn gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó ní ìyá òun gbọ̀n nígbà tó rí òun, kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Ó ní àwọn di ara àwọn mú, àwọn ń wo ara àwọn láìsọ̀rọ̀, omijé ńlá ń yí bọ́ lójú ìyá. Ó ní ìyá di òun lọ́wọ́ mú, ó sì ń fi àwọn orúkọ tí ìyá àgbà máa ń pe òun nígbà kékeré pe òun. Ó ní àwọn kò lè sọ púpọ̀, àwọn kàn jókòó jẹ́jẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dúró díẹ̀ níbí. Ẹni tó kọ èyí ni ẹni tí ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ti jáde ní 1843. Àkójọ ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá ló ń wá, kò ní í wọ́n ọn. Síbẹ̀, nígbà tó di ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, ohun tó mú ni àwọn ọ̀rọ̀ tí ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè kọ́ ní òní: gbọ̀n, wò, di ọwọ́ mú, pè, jókòó. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì: tremble, look, hold, call, sit. Gbogbo ẹni tó ti ka àkọsílẹ̀ yẹn ló mọ bí ayọ̀ náà ti pọ̀ tó.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń sọ pé, "Ṣé Gẹ̀ẹ́sì tó gbayì nìyẹn? Àwa Yorùbá la máa ń fi inú, àyà, orí àti ara sọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ." Ẹ gbọ́ o. Inú ara ni Gẹ̀ẹ́sì náà ti mú tirẹ̀. Worry tí gbogbo wa ń lò, ìtumọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni kí a fún ènìyàn lọ́rùn. Anxiety ti inú èdè Látìn wá, láti inú ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ fífún àti híhá. Grief wá láti inú ọ̀rọ̀ tó ń sọ nípa ohun tó wúwo. Overwhelm ni kí nǹkan dojú ọkọ̀ dé, kí omi sì bò ó. Àwọn baba ńlá àwọn tó ni èdè yìí ń wí pé ọ̀fun ń fún àwọn, pé ẹrù wà lórí àwọn, pé omi ti bo àwọn mọ́lẹ̀. Pípẹ́ tí wọ́n ti ń lo àwọn ọ̀rọ̀ náà ni kò jẹ́ kí wọ́n rí ara nínú wọn mọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé sísọ ohun tí ara yín ń ṣe jẹ́ àìgbọ́-Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tó gba ìṣọ́ra ni pé ẹ̀yà ara tí a ń dárúkọ kì í fi gbogbo ìgbà bára mu. Inú wa ni ilé ayọ̀ àti ìbànújẹ́. Stomach ti Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí ẹ̀bà ń lọ ni. Bí ẹ bá ní "My stomach is spoilt" nígbà tí inú yín bàjẹ́, oògùn inú rírun ni wọ́n máa kọ fún yín. "My chest is cutting" kò sọ pé àyà yín ń já. Ẹni tó gbọ́ ọ máa rò pé ìrora ni, wọ́n á sì yẹ ọkàn yín wò. Kò burú kí wọ́n yẹ ọkàn wò o, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá wá ṣì wà níbẹ̀. Ẹ sọ pé, "My heart starts beating fast and I feel frightened, even when nothing is happening." Bí orí bá ń gbóná nítorí ìrònú, "My head is hot" á jẹ́ kí wọ́n wá ibà lára yín. Ẹ ní, "My thoughts will not stop and I cannot think clearly." Èyí tó dára jù ni ti ọkàn tí kò balẹ̀, nítorí ó rọrùn láti gbé kọjá: "My mind is not at rest." Kò sí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí kò ní gbọ́ èyí yé.

Ọ̀ràn kí aláìsàn àti dókítà gbọ́ ara wọn yé yìí ní ìtàn tó jinlẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní Arò, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, ni Thomas Adeoye Lambo ti dá ètò kan sílẹ̀ láti 1954, tó ń jẹ́ kí aláìsàn ọkàn àti ẹbí wọn máa gbé láàárín àwọn ará abúlé nígbà tí wọ́n ń gba ìtọ́jú. Ní 1961, òun àti Alexander Leighton láti Cornell University ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ṣe ìwádìí ńlá láàárín àwọn Yorùbá ní agbègbè náà. Ìwé wọn jáde ní 1963. Wọn kò rí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tó bá ohun tí àwọn dókítà ń pè ní depression mu rẹ́gí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń bi àwọn ènìyàn léèrè nípa oorun, nípa oúnjẹ, nípa agbára tó tán lára, àmì àìsàn náà pọ̀ láàárín wọn. Ìyà náà wà, àwọn ènìyàn sì lè sọ ọ́ bí ẹnìkan bá béèrè bó ṣe yẹ. Èmi máa ń rántí èyí nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bá ní òun kò ní ọ̀rọ̀.

Ọmọ ilẹ̀ Kánádà kan tó ṣiṣẹ́ ní Arò, Dókítà Raymond Prince, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde ní 1960 nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tó ń wá bá a. Wọ́n ní orí àwọn ń gbóná, nǹkan ń rìn nínú rẹ̀, ojú kò rí ìwé dáadáa, ohun tí àwọn kà kò wọlé. Orúkọ tí àwọn ọmọ náà fi pè é ni "brain fag", Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ fún ọpọlọ tó ti rẹ̀. Orúkọ náà di ti àwọn dókítà. Ó wọ inú ìwé àìsàn ọkàn ti àwọn ará Amẹ́ríkà ní 1994, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún ìwé náà ṣe ní 2013, kò ní àyè tirẹ̀ mọ́. Orúkọ wọlé, orúkọ jáde. Ohun tí àwọn ọmọ yẹn sọ nípa orí tó ń gbóná àti ìwé tí kò wọlé ṣì wúlò fún dókítà títí dòní.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sí àwọn gbólóhùn tó ń fa àṣìgbọ́. Èyí ló jẹ mí lógún jù, nítorí àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa ni wọ́n sábà máa ń ṣìnà níbẹ̀. Bí ayé bá nira fún wa, a máa ń ní "I'm managing." Lẹ́nu wa, ó túmọ̀ sí pé agbára káká ni. Létí dókítà ní Britain, ó túmọ̀ sí pé ẹ ń ṣe dáadáa, ẹ kò nílò ìrànlọ́wọ́. Òdìkejì gan-an nìyẹn! "We thank God" náà rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara ti yá. "I'm struggling," tó dà bíi pé ọ̀rọ̀ àtijẹ ni lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ ńlá ni lọ́hùn-ún. Bí ẹ bá sọ ọ́ fún ọ̀gá tàbí dókítà, wọ́n á gbé orí sókè.

Lẹ́yìn náà ni "It is well." Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí, nítorí mo mọ ìgbàgbọ́ tó wà nídìí rẹ̀. Láti inú ìtàn obìnrin ará Ṣúnẹ́mù nínú Bíbélì la ti mú un. Ọmọ rẹ̀ ti kú, ó sì ń sọ fún ẹni tó pàdé rẹ̀ lọ́nà pé àlàáfíà ni. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìtàn náà síwájú. Gèhásì, ìránṣẹ́ wòlíì Èlíṣà, ló sọ ọ́ fún. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Èlíṣà fúnra rẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó sì tú gbogbo inú rẹ̀ jáde. Ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́ kò gbọ́ "àlàáfíà ni" lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹ bá ti jókòó síwájú dókítà, ẹ ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ wá rí nìyẹn.

"Overwhelmed" ńkọ́? Ní ilé, ọjọ́ ìbí ni a fi mọ̀ ọ́n. Àwọn ènìyàn kí wa títí, àwa náà sì ní "I am overwhelmed," a ń dúpẹ́. Ní Britain àti Amẹ́ríkà, bí ẹ bá sọ ọ́ lásán láìfi nǹkan tì í, ohun tí wọ́n máa gbọ́ ni pé iṣẹ́ tàbí ìṣòro ti pọ̀ ju agbára yín lọ. Nítorí náà ẹ fún un ní ìkejì: "overwhelmed with joy," "overwhelmed by grief," "overwhelmed by the work." Ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan.

Fún ìbànújẹ́ tó pẹ́, ọ̀rọ̀ kékeré kan wà tí àwọn dókítà Gẹ̀ẹ́sì ń lò lójoojúmọ́: low. "I have been feeling very low." Ó dún bí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń kíyè sí i gidigidi. "I can't cope" le jù ú lọ, ó ń sọ pé agbára ti pin. Devastated àti heartbroken wà fún ikú àti àdánù ńlá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń lò wọ́n fún bọ́ọ̀lù. Ti ìbínú, ẹ jẹ́ kó dúró di ọ̀sẹ̀ mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká wá to gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé nọ́ọ̀sì kan láti Ìbàdàn ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní Leeds. Baba rẹ̀ kú, kò rí àyè lọ sin ín. Kò ní láti wá ọ̀rọ̀ kan tó máa gbé gbogbo èyí. Kó sọ ọ́ báyìí, díẹ̀díẹ̀: "My father died in March and I could not travel home to bury him. Since then I have not been sleeping. I cry in the toilet at work. I cook for my children but I cannot eat. I used to sing in church and now I don't want to go." Gbólóhùn márùn-ún nìyẹn. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tó ṣòro. Ti orin ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ṣe pàtàkì púpọ̀, nítorí dókítà kò mọ irú ẹni tí ẹ jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ohun tí ẹ fẹ́ràn tí ẹ kò ṣe mọ́ ló máa fi ìyàtọ̀ hàn án. Bí àṣà wa bá wà nínú rẹ̀, ẹ fi gbólóhùn kan là á yé wọn: "In my culture, a first child must be at the burial." Ẹ má rò pé wọ́n mọ̀ ọ́n.

Mo fẹ́ sọ èyí tó kù jẹ́jẹ́, kí ẹ sì gbọ́ ọ dáadáa. Bí ayé bá sú ènìyàn débi pé ó ń ro ikú, kó má ṣe lo "I am fed up." Ọkọ̀ ojú irin tó pẹ́ ni wọ́n ń fi èyí bú ní Britain. Kó sọ ọ́ tààrà bí Àjàyí ṣe sọ ọ́: "I have been thinking about ending my life." Dókítà tó gbọ́ èyí kò gbọ́dọ̀ fi ṣeré. Bó bá sì jẹ́ ẹlòmíràn ni ẹ ń fura sí, ẹ bi í léèrè. Bíbéèrè kò ní í gbìn ín sí i lọ́kàn, ó lè jẹ́ pé ẹni tó máa béèrè ló ti ń retí. Ní Britain, àwọn Samaritans ń gbé fóònù tọ̀sántòru ní 116 123, ọ̀fẹ́ ni. Nílé, ẹ mú ẹnìkan tí ẹ fọkàn tán dání, kí ẹ jọ lọ sí ọsibítù tó sún mọ́ yín.

Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló ń ṣọ̀fọ̀ ńkọ́? Yorùbá fún wa ní "ẹ kú ará fẹ́ra kù" àti gbogbo àdúrà tó ń tẹ̀ lé e. Gẹ̀ẹ́sì kò ní tó bẹ́ẹ̀, ẹ má sì wá a tipátipá. "I am so sorry about your mum" ti tó, bí ẹ bá fi ohun tí ẹ máa ṣe tẹ̀ lé e: "I will bring you some food on Saturday."

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní England, ó ku ohun kan. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá kọ̀ láti jáde lọ́jọ́ náà, ẹ lè béèrè fún ògbufọ̀ nígbà tí ẹ bá ń gba àyè láti rí dókítà. Kò yẹ kí wọ́n gba owó lọ́wọ́ yín fún un, kò sì yẹ kí ẹ lo ọmọ yín kékeré fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí ìyá ń rò lóru wúwo jù fún ọmọ ọdún mẹ́wàá láti túmọ̀. Ẹ tún un sọ tẹ̀ lé mi: "I would like a Yoruba interpreter, please." Ẹ̀ẹ̀kan sí i: "I would like a Yoruba interpreter, please."

Fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ kọ gbólóhùn márùn-ún Gẹ̀ẹ́sì nípa ọjọ́ kan tí ayọ̀ borí yín. Ẹ má lo happy, ẹ má lo overwhelmed. Ẹ sọ ohun tí ọwọ́ yín ṣe, ohun tí ojú yín ṣe, àti ẹni tí ẹ kọ́kọ́ pè. A ó kà á pọ̀ níbí. Ó dìgbà náà o.